Ìyá ẹlẹ́kọ elewé ní Ìlare: ẹ gbé abọ́ dání o

Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ra ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà lọ́wọ́ màmá kan ní Ìlare níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa wọn, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò ní sáínbọ́ọ̀dù, kò lórúkọ, páànù ni wọ́n fi bo orí ẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níwájú, ààrò mẹ́ta wà lẹ́yìn. Tí ẹ bá ti dé Ìlare ẹ ṣáà béèrè ìyá ẹlẹ́kọ elewé, ọlọ́kadà á gbé yín débẹ̀. Mi ò bá wọn tan, wọn ò sì mọ̀ pé mò ń kọ èyí, owó ara mi ni mo fi ń rà á láràárọ̀ kí n tó gba iléèwé lọ. Tíṣà ni mí, àgíríìkì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ máa rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ tó bá yá.

Oúnjẹ ni màá fi bẹ̀rẹ̀ torí tí oúnjẹ ò bá dáa, kí lèèyàn ń wá lọ síbẹ̀. Ẹ̀kọ wọn dáa gan-an ni. Ó dì dáadáa, kì í rọ̀ bọ̀kọ̀bọ̀kọ̀ bíi ti àwọn tó ń bomi lé e kó lè pọ̀, tí ẹ bá ṣí ewé kúrò lára ẹ̀ odindi ló máa ń bọ́, ẹ sì máa rí ilà ara ewé yẹn lára ẹ̀kọ bí ẹni fi ọwọ́ fà á síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rẹ àgbàdo, wọ́n ń pààrọ̀ omi ẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, ìyẹn ni kì í fi kan jù tí kì í sì í rùn. Mọ́ínmọ́ín wọn ńkọ́, wọ́n máa ń bó ẹ̀wà ẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ ò lè rí èèpo kan níbẹ̀, tàtàṣé ẹ̀ pọ̀, ata rodo ẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹja títùsì díẹ̀ àti ìdajì ẹyin ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́mìí méje ṣùgbọ́n ó dùn dé eegun. Àkàrà wọn náà dáa, àmọ́ mo ti jẹ èyí tó dùn jù ú lọ nígboro yìí, tí ẹ bá tìtorí àkàrà lọ ẹ lè sọ pé mo tàn yín. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni kẹ́ ẹ bá lọ. Ẹ̀kọ kan 150 náírà, mọ́ínmọ́ín 400, àkàrà 100. Ó fi díẹ̀ wọ́n ju tàwọn yòókù lọ, màá padà sórí ìyẹn.

Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n gbogbo ẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín. Ó wù mí kí ẹ débẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pọ́n ọn, wọ́n á gbé ewé méjì léra wọn, wọ́n á ká a bí àrọ, wọ́n á ṣẹ́ ìdí ẹ̀ padà kó má baà jò, ẹ̀wà lílọ̀ á wọlé, wọ́n á pa ẹnu ẹ̀ dé, ó tán, wọn kì í wo ọwọ́ wọn pàápàá, wọ́n á máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ ni. Igi ewé yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò kí ti ìsàlẹ̀ má baà jóná. Kò sí nǹkan tí wọ́n ń dànù lára ẹ̀. Òórùn ewé yẹn á wọnú ẹ̀wà, ẹni tó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín elewé dàgbà mọ ohun tí mò ń wí, kò sí ike, kò sí agolo, kò sí ọ̀rá tó lè ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí ọ̀rá ni wọ́n ń bu ẹ̀wà sí, wọ́n á so ó wọ́n á jù ú sínú omi tó ń hó, á wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ooru báyẹn máa ń jẹ́ kí nǹkan inú ọ̀rá yọ́ sára oúnjẹ, àgàgà oúnjẹ tó lépo. Ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi jẹ ẹ́ tí mo fún àwọn ọmọ mi jẹ, torí ó yá, owó ẹ̀ sì dín díẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ mẹ́fà àti mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Màmá wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, abọ́ ẹ dà?" Mo ní mi ò gbé abọ́ wá mà, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi fi sí ọ̀rá. Wọ́n ní ọ̀rá wà o, àádọ́ta náírà ni, àmọ́ tí n bá gbé abọ́ wá lọ́la àwọn á ṣe ènì fún mi. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́, mo ní níbo ni wọ́n ti ń ta ọ̀rá fún oníbàárà ní Ifẹ̀, mo san àádọ́ta náírà yẹn, mi ò sì kí wọn pé ó dàbọ̀. Àmọ́ ẹ̀kọ yẹn dùn. Ọjọ́ kẹta mo gbé kúlà lọ, wọ́n fi àkàrà méjì lé e fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní "ènì ẹ nìyẹn." Ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe ènì fún wa lọ́jà, gbogbo nǹkan ti wọ́n, kálukú ń wo tara ẹ̀. Ènì yẹn ló mú mi o. Kí oṣù tó parí kúlà yẹn ti di ara báàgì iléèwé mi.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju àádọ́ta náírà lọ ni òjò kan tó rọ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí oṣù yẹn pé. Aago méjì òru ló bẹ̀rẹ̀, kò dá títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Nínú ilé tí à ń gbé, yàrá tiwa wà lókè díẹ̀, Ìyá Ìbejì ló wà ní yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí gọ́tà. Igbe wọn ló jí wa. Ká tó débẹ̀ omi ti dé orókún, wọ́n ti gbé àwọn ọmọ méjèèjì dúró lórí tábìlì, ọ̀kan ń sunkún, èkejì kàn ń wò ni, mátírẹ́ẹ̀sì ń léfòó, ìrẹsì ìdajì àpò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó àjọ rà ti rin. A fi báàkẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi títí di aago méje.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ọkùnrin ilé mú ṣọ́bìrì, wọ́n ṣí gọ́tà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó dí i sórí títì. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, tékéèwéè funfun, ike ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, bàtà ẹsẹ̀ kan, àti àwọn ọ̀rá dúdú tí nǹkan wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ó ní bí mo ṣe máa ń so ọ̀rá. Tí mo bá fẹ́ da dáípà ọmọ nù, màá ká ọ̀rá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, màá ta á ní kókó, màá tún fi etí ẹ̀ méjèèjì ta kókó míì sórí ẹ̀ kó má baà rùn. Kò sẹ́ni tó ń so ó báyẹn nílé wa àfi èmi. Mo ka mẹ́rin nínú ẹrẹ̀ yẹn pẹ̀lú ojú ara mi. Mẹ́rin. Mi ò sì jù wọ́n sí gọ́tà o, inú dúrọ́ọ̀mù pàǹtí tó wà ní kọ́nà ni mo máa ń jù wọ́n sí, mo sì gbà pé mo ti ṣe tèmi, àṣé dúrọ́ọ̀mù ti kún, ajá ń tú u, àgbàrá ń gbé e. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò ní í nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un. Ní tiwa, kì í ṣe pé a kàn gbà fún un nìkan, a tún bá a la ọ̀nà.

Mo ran Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ láti gbé mátírẹ́ẹ̀sì sínú oòrùn, mi ò lè wojú wọn. Nígbà tó yá, ara Kẹ́hìndé ń gbóná, wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, wọ́n ní ibà ni. Omi tó kù sínú kòtò iwájú ilé, èyí tó kù sínú àwọn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó là sílẹ̀, ẹ̀fọn ń yé sí i, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì péré ló gba ẹyin ẹ̀fọn láti di ẹ̀fọn tó ń fò, àgíríìkì àti báyọ́lọ́jì tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, mo wá jókòó nínú yàrá mi mò ń ka ọjọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà ni wọ́n ná sórí ọmọ yẹn. Ìyá Ìbejì ń ta ata ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá kì í ṣe owó kékeré fún wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó mo ṣírò ẹ̀. Ọ̀rá àkàrà kan, ọ̀rá ògì tàbí mọ́ínmọ́ín kan, méjì lójúmọ́, lọ́dún ó jẹ́ 730, èmi nìkan, oúnjẹ àárọ̀ nìkan. Ìdílé mẹ́fà ló wà nílé wa, á jẹ́ 4,380. Mi ò tíì ka píọ̀ wọ́tà o, ogún ló wà nínú báàgì kan, ìdílé wa máa ń mu báàgì méjì lọ́sẹ̀. Ẹ wá lọ ka iye ilé tó wà ní àdúgbò yín. Gbogbo rẹ̀ ò sì dúró síwájú ilé wa, àwọn odò kéékèèké inú ìlú yìí ń ṣàn lọ sínú Opa ni, Opa yẹn náà ni wọ́n ṣe dáàmù sí nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ń fa omi ẹ̀ lò. Ọjọ́ kan mo kọjá létí Ẹ̀sìnmìrìn, odò tí Mọrèmi jẹ́jẹ̀ẹ́ fún kó tó jẹ́ kí àwọn tó ń kó ìlú lẹ́rú mú òun lọ, ọ̀rá ló há sára koríko ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo dúró díẹ̀, ó dùn mí gan-an. Ọdọọdún là ń ṣe Edì, à ń sọ̀rọ̀ Mọrèmi, a gbé ère ẹ̀ kalẹ̀ ní 2016, odò tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wá ń mu ìdọ̀tí wa.

Àwọn tó dàgbà ní Ìbàdàn lè sọ ti Omíyalé 1980 fún yín, bí odò Ògùnpa tí wọ́n ti da pàǹtí kún ṣe kún àkúnya tó gbé èèyàn àti ilé lọ. Kì í ṣe ẹnì kan ló di odò yẹn. Ẹni tó da abọ́ ìdọ̀tí kan sí i lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ò mọ̀ pé òun dá sí i.

Mo bi màmá léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn ò kàn lo ọ̀rá bíi ti gbogbo èèyàn, ó ṣáà rọrùn. Wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ lọ, wọ́n ní ìyá àwọn náà ẹlẹ́kọ ni, ní Ìlódè ni wọ́n ti ń tà á, láyé ìgbà yẹn téèyàn bá jẹ ẹ̀kọ tán tó ju ewé ẹ̀ sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, èyí tí ewúrẹ́ ò bá jẹ, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Wọ́n wá ní, "Ọwọ́ tó ń ju ewé nígbà yẹn náà ló ń ju ọ̀rá báyìí, ọmọ mi. Ọwọ́ ò yí padà, ohun tó wà lọ́wọ́ ló yí padà." Mo ti kọ́ èèyàn níwèé fún ọdún mọ́kànlá, mi ò rí ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi báyẹn rí. A máa ń sọ pé ará wa dọ̀tí, pé ọmọ Nàìjíríà ò gbọ́n, bẹ́ẹ̀ àṣà tó dáa ni jíju ewé jẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ewé ni.

Ní iléèwé mo ní kí àwọn ọmọ SS1 wá ewé mọ́ínmọ́ín kan àti ọ̀rá kan, ká rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ebè ilá wa, ká gbé igi dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ a hú u. Egungun ewé nìkan ló kù, ìyẹn àwọn iṣan ẹ̀ tó le, ìyókù ti di ilẹ̀ dúdú, ekòló wà níbẹ̀. Ọ̀rá yẹn, a fi omi ṣàn án, ó ṣì lè gbé nǹkan. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Mà, ta ló máa wá jẹ ẹ́?" Mi ò ní èsì. Ewúrẹ́ á gbìyànjú ẹ̀ ni ìṣòro ẹ̀, ewúrẹ́ bàbá kan ládùúgbò wa kú lọ́dún tó kọjá, ikùn ẹ̀ wú, nígbà tí wọ́n là á, ọ̀rá ló dì bíi bọ́ọ̀lù nínú àpòlúkù ẹ̀, kò jẹ́ kí oúnjẹ kọjá. Iyọ̀ àti epo tó wà lára ọ̀rá àkàrà ló ń tàn án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wá yà mí lẹ́nu jù ni ti ewé fúnra ẹ̀. Obìnrin kan ló ń kó o wá fún màmá láti ọ̀nà Gàràgẹ́ Olódè, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, mo pàdé wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan a sì jọ sọ̀rọ̀. Ewé eéran ò fẹ́ oòrùn, abẹ́ igi ló ń gbé, abẹ́ kòkó tọ́jọ́ ẹ̀ ti gùn bá a lára mu gan-an, téèyàn bá já ewé ẹ̀ láìfa gbòǹgbò, á tún rú. (Ó ń so èso pupa nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀, nǹkan kan wà nínú ohun tó bo kóró ẹ̀ tó dùn ju ṣúgà lọ lọ́nà tó lé ní ẹgbẹ̀rún, àwọn ọmọ oko mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ń lá a.) Obìnrin yìí ní tẹ́lẹ̀ ọkọ òun máa ń fín oògùn apagbó sábẹ́ kòkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, irú èyí tí wọ́n ń pè ní paraquat tí NAFDAC ti fòfin dè, ewé yẹn sì máa ń kú pátápátá. Nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó ewé mú bọ̀ wálé, ọkọ dẹ́kun oògùn ní apá ibẹ̀ yẹn, àdá ló fi ń ro ó báyìí.

Èmi tí mò ń kọ́ àgíríìkì, etí mi là nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Òdòdó kòkó kéré gan-an, oyin kọ́ ló ń bá a ṣe é, kòkòrò bíńtín kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ló ń gbé àtíkè òdòdó kan lọ sí èkejì kí kòkó tó lè so, inú ewé tó ń jẹrà nílẹ̀ tó tutù, tó ṣókùnkùn, ni kòkòrò yẹn ti ń pọ̀ sí i. Téèyàn bá fín oògùn sí ilẹ̀ tí ilẹ̀ wá dán borokoto, kòkòrò yẹn ò níbi gbé. Mo bi obìnrin yìí bóyá kòkó apá ibẹ̀ ń so dáadáa. Wọ́n ní ọkọ àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀, pé apá ibi ewé ń so ju apá kejì lọ, àmọ́ ó rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló dáa jù. Mo wá rò ó pé ẹ̀kọ tí mo rà ní Ìlare ní 150 náírà, ó ní ipa nínú bí ẹnì kan ṣe ń tọ́jú ilẹ̀ ẹ̀ ní Gàràgẹ́ Olódè, kòkó yẹn náà á sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú tí mi ò lè dé láé. Nígbà tí mò ń ra ti ọ̀rá, owó ọ̀rá mi ò dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí rárá.

Ewé tí wọ́n bá tú lórí ìjókòó, apẹ̀rẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jù ú sí, ọmọ kan máa ń wá kó o fún àwọn ewúrẹ́ ilé wọn lálaalẹ́, èyí tó bá ṣẹ́kù màmá ń kó o sẹ́yìn ibi tí wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí. Èérí ògì, ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ kan ló ń kó o. Omidùn, àwọn tó ń rẹ àgbo ń gbé ike wá gbà á. Pàǹtí tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn lóòjọ́ ò kún báàkẹ́ẹ̀tì kan, tí mo bá sì fi wé ibi oúnjẹ míì tí mo mọ̀ nígboro, òkè tékéèwéè ni mo máa ń rí lẹ́yìn wọn. Ní oṣù kìíní 2024 ìjọba Èkó kéde pé àwọn fòfin de tékéèwéè funfun yẹn, ó dáa, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n màmá yìí ò dúró de òfin kankan.

Àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ńkọ́, wọ́n wà, màá sì sọ wọ́n. Èkíní ni èéfín. Igi ni wọ́n fi ń dáná, ààrò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láti aago mẹ́rin ìdájí, èéfín yẹn ń wọ ilé tó wà lẹ́yìn wọn, ó sì ń wọ ojú àti àyà màmá fúnra wọn, wọ́n máa ń wúkọ́. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé Màmá, bí ẹ ṣe rí ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí náà ni igi rí, igi yẹn láti inú igbó kan ló ti wá, ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà ló ń mí èéfín ẹ̀ sínú. Wọn ò bínú. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn ń dá àjọ láti ra sítóòfù gáàsì ńlá, owó gáàsì ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Òótọ́ ni, gáàsì wọ́n. Àmọ́ máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún ṣọ́ọ̀bù yìí, èéfín ló gbé méjì lọ, tí ààrò kan péré bá di gáàsì màá fún wọn ní ọ̀kan níbẹ̀.

Ìkejì, ó máa ń tètè tán. Tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù ẹ má wulẹ̀ lọ. Sátidé burú jù, èrò á tò dé títì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ewé máa ń wọ́n, mọ́ínmọ́ín á kéré sí i fún owó kan náà, wọ́n sì máa ń sọ fún yín kí ẹ tó sanwó, ìyẹn wù mí. Wọ́n ń gba tíránsífà àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ ò dáa, ẹ mú owó dání. Ní ti pé ó wọ́n, mo ti ṣe ìṣirò ẹ̀: tí ẹ bá gbé abọ́ lọ, ènì tí wọ́n ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú ohun tó fi wọ́n. Ẹni tí kò bá gbé abọ́ ni á rò pé wọ́n ń yan òun jẹ.

Mo ti sọ fún Ìyá Ìbejì nípa kókó méjì tí mo máa ń ta. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí n tó lè lanu. A jókòó níwájú ilé, mo ní mà, nínú ohun tó dí gọ́tà lọ́jọ́ yẹn, tèmi wà níbẹ̀, mo rí i. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Tèmi náà ò ha sí níbẹ̀ bí? Ọ̀rá ata tí mò ń so fún oníbàárà, ta ni mo rò pé ó ń gbé e?" A ò sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e mo rí i pé wọ́n gbé àwọn abọ́ kéékèèké kan síwájú àtẹ ata wọn, wọ́n ń da ata sínú báàgì tí oníbàárà bá gbé wá, ẹni tí kò bá gbé báàgì wá ni wọ́n ń fún ní ọ̀rá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ o. Obìnrin kan bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, mo wà níbẹ̀. Nínú ìdílé mẹ́fà ilé wa, mẹ́ta ti ń gbé abọ́ lọ ra nǹkan, mẹ́ta kò tíì. Èmi náà ti ń fi aṣọ tí à ń fọ̀ sí ọmọ mi kékeré nídìí dípò dáípà lọ́sàn-án, òru ni mo ṣì ń lo dáípà, iṣẹ́ ni, ọwọ́ mi ti bó nítorí ọṣẹ. Dúrọ́ọ̀mù pàǹtí, a dá owó jọ ra èyí tó ní ìdérí.

Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Omi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, aago mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà, wọn kì í tà lọ́jọ́ Sunday. Ẹ gbé abọ́ tó ní ìdérí, kó fẹ̀ díẹ̀, torí ewé kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ òun mọ́lẹ̀, abọ́ ọbẹ̀ tó jìn tóóró ò dáa fún un. Tí ẹ bá débẹ̀ ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìlà, abọ́ ni wọ́n ń tò sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó ni abọ́ lè lọ jókòó síbi tó wù ú títí á fi kàn án. Èyí tó ní àwọ̀ ewé tí ìdérí ẹ̀ funfun, tó la díẹ̀ létí, tèmi ni, ẹ gbé tiyín sẹ́yìn ẹ̀.